Bí Igbó Bá Tún Rúwé, Ǹjẹ́ Gbèsè Ẹni Tí Ó Dáná Ti Tán?

Bíbélì fún Kíkà: Eksodu 22:6, Numeri 5:5-7, Jobu 14:7-9, Matteu 5:23-24, Luku 19:1-10.

Kókó Ẹ̀kọ́: Ìwòsàn tí Ọlọ́run ń fún ilẹ̀ jẹ́ oore-ọ̀fẹ́, kò bọ́ gbèsè tí a jẹ aládùúgbò wa kúrò lọ́rùn wa.

ÌFÁÀRÀ

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lọ sí Bìní ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, ẹ ó kan Ofosu kí ẹ tó fi ilẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ wọ ilẹ̀ Ẹdó. Ọyẹ́ á ti mú. Ètè á máa bó, ewé á ti gbẹ lórí igi, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé eruku kiri. Bí ẹ bá gbójú sókè, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí èéfín tí ń rú lókèèrè, nítorí àkókò yìí ni àwọn àgbẹ̀ ń sun oko, tí àwọn ọdẹ sì ń ti iná bọ ìgbẹ́ kí ẹran lè jáde. Kò sí ẹni tí èéfín náà ń bà lẹ́rù. Bí a ti bá a láyé ni. Ṣùgbọ́n láti inú irú èéfín bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè ni Ofosu wà. Òkè àpáta ńláńlá ni a fi ń mọ Ìdànrè; igbó ni a fi ń mọ ìhà Ofosu. Igbó ọba Ìdànrè wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni igbó ọba tí a fi orúkọ Àkúrẹ́ àti Ofosu pè. Láti ìgbà ìjọba àwọn òyìnbó ni a ti ya irú igbó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Òkè Ìdànrè náà kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn baba ńlá fi gbé orí rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá. Ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà lókè. Ní ọdún 2007 a kọ orúkọ òkè náà mọ́ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé.

Ìbéèrè wa nìyí: bí iná bá jó irú ibi bẹ́ẹ̀, tí òjò wá rọ̀, tí igbó sì tún rúwé, ǹjẹ́ gbèsè ẹni tí ó dáná ti tán? Ó dà bí ọ̀rọ̀ igbó lásán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀, ẹ ó rí i pé ó kan ilé, ó kan ọjà, ó sì kan inú ìjọ.

I. Ẹ GÒKÈ LẸ́Ẹ̀MEJÌ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí iná ń ṣe, ẹ má ṣe gun òkè Ìdànrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kọ́kọ́ lọ ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí iná ẹ̀ẹ̀rùn bá ti kọjá ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Àtẹ̀gùn tí ẹ ó gùn lé ní ẹgbẹ̀ta (600). Orúnkún yín yóò jẹ́rìí sí i. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Kí ẹ̀yin àgbà má ṣe tijú láti jókòó. Níbi tí iná bá ti kọjá, ẹ ó rí àpáta tí èéfín ti sọ di dúdú, àti ìdí koríko tí ó ṣẹ́kù ṣákáṣàká bí irun tí a fá tí kò dán. Eérú á máa fẹ́ lọ sókè sódò. Ẹ ó tẹ́tí fún ẹyẹ, ẹ kò ní gbọ́. Bí ẹ bá fọwọ́ kan igi, ọwọ́ yín á dúdú. Ẹni tí ó bá rí ibẹ̀ nígbà náà á wí pé, "Ó ti parí."

Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ sílé, kí ẹ sì padà wá ní oṣù kẹfà. Òjò ti rọ̀. Omi ń ṣàn lára àpáta. Ibi tí ó dúdú ti tutù yọ̀yọ̀. Igi tí ẹ rò pé ó ti kú ti yọ ẹ̀ka láti ìdí. Jobu mọ irú igi bẹ́ẹ̀. Nínú ìpọ́njú rẹ̀ ó rántí pé igi tí a ti gé lè tún yè bí omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ń ronú bóyá bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún ọmọ ènìyàn.

Ẹni tí ó bá gòkè ní oṣù kẹfà nìkan á béèrè pé, "Iná wo? Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín." Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó rí eérú nìkan lè sọ ìrètí nù. Ẹni tí ó rí ewé nìkan lè gbàgbé pé ẹnìkan jìyà.

II. EWÉ TÚTÙ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí a túbọ̀ wò ó fínnífínní, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó tutù ni ó ti sàn.

Lórí irú àpáta wọ̀nyí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, koríko kan wà tí ó máa ń tẹ́ pọ̀ bí ẹní. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Afrotrilepis pilosa. Ní ẹ̀ẹ̀rùn a gbẹ pátápátá, àwọ̀ ewé a sì kúrò lára rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ewé kan náà tí ó ti gbẹ a tún padà tutù. Ìdí ewé àtijọ́ bo ara rẹ̀ bí aṣọ, nítorí náà iná koríko tí ó bá yára kọjá kì í sábà jó o dé inú. Ọlọ́run ti múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣòro ibi tí ó fi í sí. Ewé tútù ti koríko yìí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ: ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó padà.

Ẹ wá bá mi kálọ sí igbó ìsàlẹ̀, níhà Ofosu. Igbó ìrókò ni èyí, igbó arère, igbó ọ̀gànwó àti ọmọ̀. Òjò ni ó mọ̀, kò mọ iná. Ọ̀pọ̀ igi inú irú igbó yìí ni èèpo wọn kò nípọn. Iná tí kò ga dé orúnkún ènìyàn, bí ó bá rọra ń rá lọ nílẹ̀, lè pa àwọn ọmọ igi tí ì bá rọ́pò àwọn ńlá. Bí igi bá kú, oòrùn a wọlé dé ilẹ̀. Kí ni ó sì kọ́kọ́ ń hù? Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n: ewé Akíntọ́lá ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀.

Ewé yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀, ó sì bá irúgbìn igi mẹlaina wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937. Ó yára ń hù, ó sì ń ṣú bo ilẹ̀ débi pé ọmọ igi kì í rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, igi rẹ̀ a gbẹ, a di ohun ìdáná fún ọdún náà. Bí iná bá sì jó o tán, gbòǹgbò rẹ̀ a tún yọ. Iná ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, òun náà a sì tún ṣí ilẹ̀kùn fún iná. Òótọ́ ni pé a máa ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ilẹ̀ tí ó bò, kò wò ó sàn. Lójú ẹni tí ó jókòó sínú mọ́tò tí ń kọjá lọ sí Bìní, ilẹ̀ náà tutù. Lójú ẹni tí ó mọ igbó, àìsàn ṣì ń bẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láàárín ènìyàn. Ẹni tí a ṣẹ̀ lè tún máa kí wa, kí ó tún máa rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ti sàn bíi ti koríko orí àpáta. Ó sì lè jẹ́ pé ewé Akíntọ́lá ni ó hù bo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo ni yóò fi yàtọ̀ sí iná mìíràn.

III. ÀGBẸ̀ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé àgbẹ̀ méjì wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ofosu, tí oko wọn pààlà. Bàbá àgbàlagbà kan ni èkíní. Èkejì jẹ́ ìyá opó kan tí ọkọ rẹ̀ fi oko kòkó sílẹ̀ fún. Ìjọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ.

Ní ọ̀sán gangan, nínú ọyẹ́, bàbá ti iná bọ ilẹ̀ tí ó fẹ́ fi gbin ẹ̀gẹ́. Kò ro ààlà oko rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Atẹ́gùn dé. Kí wọ́n tó ké "Iná o!" iná ti wọ oko ìyá, ó ti jó kòkó, ó sì ti kọjá lọ sínú igbó ọba. Bàbá sáré tọ iná náà lọ, ó sì ń fi ewé tútù lù ú títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ènìyàn búburú.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn èyí, òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti tutù. Bàbá gbé iṣu àti àkùkọ adìyẹ wá sí ilé ìsìn. Ó jó dé iwájú, ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́! Iná tí ó jó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ọlọ́run ti fi òjò pa ìtìjú rẹ̀ rẹ́. Ẹ lọ wo ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti tutù." Ìjọ kígbe Halleluyah. Ìyá náà jókòó lẹ́yìn, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Kò bínú sí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n inú kòkó yẹn ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Èyí tí ó bá sì gbìn lónìí, yóò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so. Nígbà tí ìsìn parí, bàbá kí i pé, "Ẹ kú ìfaradà, ìyá. Olúwa yóò ṣe é." Ìyá kúnlẹ̀, ó ní, "Àmín, bàbá." Ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Ẹ má yára dá bàbá yìí lẹ́jọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ àwíjàre rẹ̀. Méjì ni, méjèèjì ni àwa náà sì máa ń lò.

IV. ÀWÍJÀRE KÌÍNÍ: "ATẸ́GÙN NI"

Bàbá á wí pé, "N kò rán iná lọ sí oko rẹ̀. Atẹ́gùn ni." Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin tí Ọlọ́run fún Ísírẹ́lì nínú Eksodu 22. Ó sọ̀rọ̀ nípa olè tí ó jí ẹran, ó sì ní kí olè náà san ju ohun tí ó jí lọ. Lẹ́yìn náà ni ó kan ẹni tí iná bọ́ mọ́ lọ́wọ́, tí iná náà ran ẹ̀gún, tí ó sì jó ọkà ẹlòmíràn. Òfin kò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olè. Kò fi ìlọ́po méjì lé e lórí. Ṣùgbọ́n kò sì sọ pé kí ó máa lọ ní àlàáfíà nítorí pé kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tí ó dáná ni yóò san ohun tí iná jó.

Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Ó kọ́ wa pé ẹ̀bi ọ̀tọ̀, gbèsè ọ̀tọ̀. Ọkàn ènìyàn lè mọ́ kúrò nínú ìkà, kí ọrùn rẹ̀ má sì mọ́ kúrò nínú gbèsè. Àwa máa ń pa méjèèjì pọ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé, "Ẹ san án," a rò pé ó pè wá ní ìkà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún orúkọ wa. Bàbá yìí lè gbé orí rẹ̀ sókè gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní èrò ibi, kí ó sì tún tọwọ́ bọ àpò.

Nípa ti atẹ́gùn, ta ni kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nígbà ọyẹ́? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Iná le ju eérú lọ. Nígbà púpọ̀ kì í tọ ẹni tí ó dá a, oko ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbà lọ. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹni tí ń dáná ṣọ́ ọ ju ẹni tí ń da eérú lọ.

V. ÀWÍJÀRE KEJÌ: "ỌLỌ́RUN TI TÚN UN ṢE"

Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ìjọ, ó sì dùn létí. "Ẹ wo ilẹ̀, ó ti tutù. Ọlọ́run ti tún un ṣe. Kí ni a tún ń wá?"

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí mo bá jẹ yín ní gbèsè, tí ẹ̀gbọ́n yín sì ti ìlú mìíràn fi owó ránṣẹ́ sí yín, ǹjẹ́ mo ti san gbèsè mi? Inú mi lè dùn pé ebi kò pa yín. Mo tilẹ̀ lè bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá fa ìwé gbèsè ya nítorí owó tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́, mo ti fi oore ẹlòmíràn san gbèsè ara mi. Òjò tí ó rọ̀ sórí oko ìyá yẹn, ẹ̀bùn Ọlọ́run fún ìyá ni. Bàbá kò ní ipa kankan nínú rẹ̀.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: iná kú, ó fi eérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Iná a jó tán, a bo ojú, kò ní ohun tí ó lè fi sílẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lọ láìfi arọ́pò sílẹ̀. Ẹni tí ó dáná, tí ó sì fi ewé tútù bojú dípò eérú, ó ti ṣe bí iná ṣe ń ṣe. Ohun tí Ọlọ́run ń béèrè lọ́wọ́ wa ni kí a ṣe bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Ṣé kì í ṣe oore-ọ̀fẹ́ ni a fi gbà wá là? Kí ni ti ẹ̀san?" Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Gbèsè tí a jẹ Ọlọ́run, a kò lè san án, Krístì ni ó san án. Ṣùgbọ́n ìdáríjì yẹn kò lọ gbin kòkó sí oko opó. Ẹ wo Sakeu. Jésù kò sọ iye kan fún un kí ó tó wọ ilé rẹ̀. Nígbà tí oore-ọ̀fẹ́ wọlé, Sakeu fúnra rẹ̀ ni ó dìde, tí ó ní òun yóò dá ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Nínú Numeri 5, ẹni tí ó bá jẹ̀bi ní láti jẹ́wọ́, kí ó san ohun tí ó bàjẹ́, kí ó sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e. Ìjẹ́wọ́ àti ẹ̀san jọ ń rìn pọ̀ ni. Ní ti iṣu àti àkùkọ tí bàbá gbé wá síwájú, Jésù ti sọ ohun tí ó yẹ nínú Matteu 5: kí ó fi ọrẹ náà sílẹ̀ níwájú pẹpẹ ná, kí ó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà. Ọlọ́run lè dúró de àkùkọ. Ìyá náà kò lè dúró de owó ilé-ìwé.

VI. OHUN TÍ KÒ NÍ HÙ PADÀ

Ó ku ọ̀ràn kan tí ó le jù. Àwọn ohun kan wà tí òjò kò lè mú padà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2021, iná gbà ní ẹ̀gbẹ́ òkè ní ìlú Cape Town ní ilẹ̀ South Africa, lórí ilẹ̀ Table Mountain tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Ewéko òkè náà yàtọ̀ sí ti igbó wa. Iná kò ṣàjèjì sí i, irúgbìn mìíràn níbẹ̀ kò tilẹ̀ ní hù dáadáa bí iná tàbí èéfín kò bá kọ́kọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n iná náà sọ̀ kalẹ̀ wọ yunifásítì ìlú náà, ó sì jó gbọ̀ngàn ìkàwé Jagger, níbi tí a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé nípa Áfíríkà pamọ́ sí. Ewéko òkè mọ bí a ti ń hù padà. Ìwé kò mọ̀ ọ́n.

Nítòsí wa, ọ̀dá ńlá mú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1982 sí 1983. Iná jó oko àti igbó káàkiri ilẹ̀ Ghana, kòkó púpọ̀ sì run. Ọdún 1983 kan náà ni ìjọba Nàìjíríà lé nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọmọ Ghana kúrò nílẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ru ẹrù délé bá ebi. Koríko hù padà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ní apá ibì kan, àwọn àgbẹ̀ kò padà sídìí kòkó mọ́. Àgbàdo ni wọ́n gbìn sójú ibẹ̀.

Ní òkè Ìdànrè fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà tí a kò tíì mọ̀ níbòmíràn nínú gbogbo ayé. Ọdún 1963 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ẹnìkan tí ń jẹ́ Perret sọ ọ́. Lára àpáta tí omi ń sun lé lórí ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fi gbúròó rẹ̀, títí àwọn olùwádìí fi tún bá a lórí òkè náà, tí ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2014. Bí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ bá parun ní Ìdànrè, ibo ni a ó ti lọ mú òmíràn? Kò lè wá sí ìpàdé ìjọ láti fi ẹjọ́ sùn. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, tí ì bá fojú rí ìrókò, kò lè wá pẹ̀lú. Wọ́n dà bí ìyá tí ó jókòó lẹ́yìn, tí ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń san gbèsè tí kò ṣeé san? A kò lè san án tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè san gbogbo rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kò sí gbèsè. Kí ó san èyí tí agbára rẹ̀ ká, kí ó jẹ́wọ́ ìyókù, kí ó sì ṣọ́ èyí tí ó ṣẹ́kù bí ẹni ń ṣọ́ ojú.

VII. KÍ NI KÍ A ṢE?

Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí iná oko kò bá ṣeé yẹra fún, ẹ ro ilẹ̀ mọ́ yípo oko kí iná má rí ohun jẹ lọ. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ jọ pààlà. Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀. Ẹ ní omi àti ewé tútù àti ènìyàn nítòsí, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí eérú yóò fi tutù. Ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin tí ń fi ògùṣọ̀ fín oyin, ẹran kan tàbí ìgò oyin kan kò tó ohun tí a fi igbó pààrọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó gòkè lọ wòran, ẹ má dáná níbẹ̀, ẹ má sì ju ìdí sìgá sílẹ̀.

Ní ti bàbá wa, kò tíì pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wò ó pé ní ọjọ́ Sátidé kan, kí oòrùn tó mú, ó kan ilẹ̀kùn ìyá náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tẹ̀ lé e pẹ̀lú àdá. Kò sọ pé Olúwa yóò ṣe é. Ó ní, "Ìyá, èmi ni mo dáná. Mo wá gbìn ín padà." Ọmọ kòkó ni wọ́n gbé wá, àti ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé òjìji ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kòkó kékeré ń sá sí kí oòrùn má bàa pa á. Ó mú owó díẹ̀ lọ́wọ́ fún ilé-ìwé, ó sì dá ọjọ́ tí yóò mú ìyókù wá lẹ́yìn ìkórè. Ìyá lè dárí jì í lójú ẹsẹ̀. Ó sì lè pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ọkàn pẹ̀lú ní ìgbà òjò tirẹ̀. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, bí bàbá bá tún gbé iṣu wá síwájú ìjọ lọ́jọ́ mìíràn, ìyá náà á lè dìde láti ẹ̀yìn, kí ó bá a jó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí Eksodu 22 fi sí àárín olè àti ẹni tí iná bọ́ mọ́ lọ́wọ́? Kí ni èyí kọ́ wa nípa ẹ̀bi àti gbèsè?

2. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ìjọ gba ọrẹ ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀ pé kò tíì tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe? Kí ni kí àwọn díákónì ṣe?

3. Bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá ti dárí jini, ǹjẹ́ a ṣì ní láti san ẹ̀san?

4. Igbó ọba kì í ṣe ti ẹnìkan. Bí a bá ba irú rẹ̀ jẹ́, ta ni a jẹ ní gbèsè, báwo ni a sì ṣe lè san án?

5. Kí olúkúlùkù ronú ní ìdákẹ́jẹ́: ọ̀ràn wo ni mo ti sọ pé ó ti tán, nígbà tí ó jẹ́ pé ewé ni ó hù bò ó? Ilẹ̀kùn ta ni ó yẹ kí n kàn kí ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀ tó pé?